Àlùbọ́sà àti Aáyù ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ÌDÀPỌ̀ OBÌNRIN

Bíbélì Kíkà: Númérì 11:4-9, Jeremáyà 29:5, Òwe 31:16

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè kọ́ láti mọyì ohun tí ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi wá sí lè mú jáde, kí a sì mọ bí a ṣe ń gbin àlùbọ́sà àti aáyù sí ẹ̀yìn ilé wa láìfi owó ṣòfò.

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí kì í ṣe èyí tí a ó kàn kà tán kí a sì pa ìwé dé. Ẹ̀kọ́ tí a ó fi ọwọ́ ṣe ni. Kí a tó tún pàdé lórí ojú ìwé yìí, ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí olúkúlùkù wa ní, ó kéré tán, báàfù kan tí àlùbọ́sà ń hù nínú rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná.

1. ÀLÙBỌ́SÀ ÍJÍBÍTÌ

Nínú ìwé Númérì orí kọkànlá, a kà nípa bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe jókòó ní aginjù tí wọ́n ń sunkún nítorí oúnjẹ. Wọ́n ka ohun tí wọ́n ti jẹ ní Íjíbítì lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹja, apálá, bàrà, ewébẹ̀, àlùbọ́sà àti aáyù. Nínú gbogbo ọrọ̀ tí ó wà ní Íjíbítì, ẹ wò ó pé ohun inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ń fa ọkàn wọn padà. Ẹni tí ó bá ti se ọbẹ̀ láìsí àlùbọ́sà rí yóò mọ̀ pé ẹkún wọn kì í ṣe eré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni àwọn jẹ ẹja Íjíbítì. Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Àwọn tí a fi sí iṣẹ́ bíríkì tipátipá, tí Fáráò pàṣẹ kí a sọ ọmọkùnrin wọn sínú odò, àwọn náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́! Wọ́n rántí adùn, wọ́n gbàgbé iye tí wọ́n san.

Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn àlùbọ́sà. Ọlọ́run kan náà ni ó dá àlùbọ́sà. Ohun tí ó bí Olúwa nínú ni pé wọ́n kẹ́gàn mánà tí ó ń bọ́ sí àyíká àgọ́ wọn, wọ́n sì ń sunkún lé ohun tí ó wà lọ́nà jíjìn. Ẹsẹ kẹjọ fi yé wa pé wọ́n ní láti jáde lọ kó mánà náà, kí wọ́n lọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n gún un nínú odó, kí wọ́n sì sè é. Ẹ̀yin ìyá, ta ni ó máa ń lọ̀, ta ni ó máa ń gún, ta ni ó máa ń sè? A rí i nígbà náà pé ẹ̀bùn Ọlọ́run pàápàá, iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀.

2. Ọ̀NÀ JÍJÌN TÍ ÀLÙBỌ́SÀ WA Ń GBÀ

Ní ìhà tiwa ní Ìdí-Ìrókò yìí, títí dé Ìpókíá, Ajílété àti Ìlaròó, àlùbọ́sà pupa tí a ń gé sínú ọbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a gbìn. Láti Sókótó, Kébí, Kánò àti Jígáwá ni ọkọ̀ ńlá ti ń kó o wá. Ní òdìkejì ẹnubodè, ní Ìgóló àti Àjàṣẹ́, wọ́n ń jẹ èyí tí ó ti Malanville wá, létí odò Ọya, àti èyí tí ó ti orílẹ̀-èdè Niger wá, níbi tí ìlú Galmi ti fún irú àlùbọ́sà kan ní orúkọ rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní ti àlùbọ́sà, apá ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wa kọjú sí, ibẹ̀ sì jìn. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ojú wa ti rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè, owó ọkọ̀ sì gun orí ohun gbogbo tí a ń rà. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé kí a ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà. Láàárín àkókò náà, ní oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dáwọ́ kíkó ẹrù wá sí Gúúsù dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n olóúnjẹ wo ni kò mọ̀ ọ́n lára? Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n sì ti ẹnubodè níbẹ̀ náà.

Èmi kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé àlùbọ́sà tí a rò pé ó wà lọ́jà nígbà gbogbo, ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ń là kọjá kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí, ìyá tí ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ni ó kọ́kọ́ ń jẹ ìyà rẹ̀.

3. OWÓ TÍ Ó RÀ SÍNÚ ILẸ̀

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan fún yín, nítorí láti ara rẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́.

Ní ọdún 2020, nígbà tí ẹnubodè wà ní títì, èmi ni mo dìde ní ìpàdé kíláàsì wa tí mo sọ pé kí a dá owó kí a gbin àlùbọ́sà àti aáyù fún títà. Àwa mọ́kànlá ni a dá owó náà, mẹ́ta nínú wa jẹ́ opó. Mo ra irúgbìn, mo ra aáyù funfun rọ̀gbọ̀dọ̀ ní ọjà, a sì kọ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé mi. Oṣù kẹfà ni. Òjò ń rọ̀ dáadáa, mo sì rò pé òjò ni gbogbo ọ̀gbìn ń fẹ́.

Irúgbìn náà hù bí irun ọmọ tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ìdí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Àwọn tí kò rà, ewé wọn gbẹ láti ṣóńṣó wá sílẹ̀, àbàwọ́n aláwọ̀ èsè àlùkò sì wà lára wọn. Aáyù ní tirẹ̀ yọ ewé tó dára, ó sì mú inú wa dùn fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n nígbà tí a hú u, ìdí rẹ̀ kò ta rárá. Mo dúró níwájú kíláàsì ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, n kò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún àwọn opó mẹ́ta náà. Kò sí ẹni tí ó bú mi. Ìyẹn gan-an ni ó dùn mí jù.

Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kan ni ó wá wo ilẹ̀ náà. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbìn ín sínú báàfù kan ṣoṣo wò kí ẹ tó dá owó?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí ó kọ́ mi, àti ohun tí mo ti fi ọwọ́ ara mi dán wò láti ìgbà náà, ni ó tẹ̀ lé e yìí.

4. OHUN TÍ ÀLÙBỌ́SÀ Ń FẸ́

Gbòǹgbò àlùbọ́sà kúrú, kò sì wọ ilẹ̀ jìnnà. Ó ń fẹ́ omi déédéé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ omi tí ó dúró. Ó ń fẹ́ oòrùn gbangba, kò fẹ́ abẹ́ igi. Kò lè bá koríko du ilẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́ tí ewé rẹ̀ kò sì ráyè gbẹ, àrùn olú yóò mú un, èyí ni àbàwọ́n tí mo rí lára tèmi. Ìdí nìyí tí Àríwá fi bá a lára mu, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín lẹ́yìn òjò tí wọ́n sì ń bomi rin ín nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé ilẹ̀ etí òkun kò lè mú àlùbọ́sà jáde? Rárá o. Ní Grand-Popo, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ń gbin àlùbọ́sà sórí iyanrìn etí òkun, wọ́n sì ń fa omi kànga bomi rin ín. Ní Anloga, nítòsí Keta ní orílẹ̀-èdè Ghana, àwọn ènìyàn Anlo ti ń gbin àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ tí ó máa ń pín sí ọ̀nà púpọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, lórí ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Wọn kì í fún irúgbìn rẹ̀. Àwọn ọmọ àlùbọ́sà fúnra wọn ni wọ́n ń gbìn padà, wọ́n sì ń fi ajílẹ̀ bọ́ iyanrìn náà. Òjò ti Anloga kò pọ̀ tó tiwa, iyanrìn sì máa ń tètè mu omi. Nítorí náà, kì í ṣe Gúúsù ni ó ń pa àlùbọ́sà, omi tí ó dúró sí i ní ìdí ni.

5. Ẹ KỌ́KỌ́ GBIN EWÉ

Èyí ni mánà tiwa. Ewé àlùbọ́sà kò ṣòro, kò ná ni lówó, a sì lè gbìn ín nígbàkigbà nínú ọdún bí a bá gbé e kúrò nínú àgbàrá. Báyìí ni a ó ti ṣe é:

(i) Ẹ wá báàfù tó ti jò, garawa tó ti fọ́, tàbí àpò ìrẹsì. Ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Báàfù tí kò ní ihò, sàréè àlùbọ́sà ni.

(ii) Ẹ po ilẹ̀ ààtàn tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ilẹ̀ oníyanrìn, kí ẹ kún un títí yóò fi ku ìka méjì sí etí. Ẹ má ṣe lo ìgbẹ́ adìyẹ tútù, yóò jó gbòǹgbò. Èyí tí a ti kó jọ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, tí kò rùn mọ́, ni kí ẹ lò.

(iii) Ẹ ṣa àlùbọ́sà kéékèèké, tàbí èyí tó ti ń yọ ewé nínú apẹ̀rẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń gé àlùbọ́sà ọbẹ̀, ẹ má ṣe sọ ìdí rẹ̀ tó ní irùngbọ̀n nù. Ẹ gé e kí ó nípọn tó ìka kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan.

(iv) Ẹ gbìn wọ́n, ìdí sísàlẹ̀, kí àyè ìka mẹ́rin wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ má rì wọ́n jìn. Kí orí wọn ṣẹ́ kù díẹ̀ síta.

(v) Ẹ máa bomi rin ín ní òwúrọ̀, kì í ṣe ní alẹ́, kí ewé má baà sùn ní tútù. Ẹ fi ìka wọ inú ilẹ̀ kí ẹ tó bomi. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

(vi) Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewé yóò ti tó gé. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e, kí ẹ ṣẹ́ ìka méjì kù lókè ilẹ̀, yóò sì tún rú. Nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ hú u, ẹ pín àwọn ọmọ tó bí, kí ẹ sì tún wọn gbìn.

Ewé àlùbọ́sà dára nínú ọbẹ̀ ata, nínú ìrẹsì, nínú ẹyin díndín àti nínú mọ́ínmọ́ín. Kò lè rọ́pò àlùbọ́sà pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lo mẹ́ta lóòjọ́ lè fi ọ̀kan tán an.

6. ÀLÙBỌ́SÀ TÍ YÓÒ TA

Ẹni tí báàfù rẹ̀ bá ti yọrí sí rere ni kí ó gbìyànjú èyí. Ohun mẹ́ta ni kí ó má ṣe gbàgbé: irú rẹ̀, àkókò rẹ̀, àti fífi sùúrù gbẹ ẹ́.

Ní ti irú rẹ̀, gígùn ọ̀sán ni ó ń sọ fún àlùbọ́sà pé àkókò tó láti ta. Ní òkè òkun, ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn gùn ju tiwa lọ. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá wákàtí 12 àbọ̀ ní oṣùkóṣù. Nítorí náà, irúgbìn òyìnbó tí a ṣe fún ọ̀sán gígùn yóò máa yọ ewé ni títí ayé, kò ní ta. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè Red Creole tàbí Violet de Galmi, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀. Irúgbìn àlùbọ́sà kì í pẹ́ kú nínú ooru. Èyí tó ti ju ọdún kan lọ lórí àtẹ, owó sísọ nù ni.

Ní ti àkókò, ẹ fún irúgbìn náà ní ìparí oṣù kẹsàn-án, lábẹ́ àtíbàbà kékeré kí òjò ìgbẹ̀yìn má baà lù ú. Kí ó wọ ilẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan péré. Yóò hù láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, tí ó bá ti nípọn tó lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, ẹ lọ́ ọ sórí ebè pẹrẹsẹ tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń pè ní bẹ́ẹ̀dì. Àárín oṣù kọkànlá nìyẹn, òjò ti ń lọ. Kí bẹ́ẹ̀dì náà fẹ̀ ní mítà kan, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín ọ̀kan sí èkejì, àti 20 sí àárín ìlà sí ìlà. Bẹ́ẹ̀dì tí ó gùn ní mítà mẹ́ta yóò gba nǹkan bí 150. Ẹ máa fi ọwọ́ tu koríko rẹ̀, ẹ má fi ọkọ́ gé gbòǹgbò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tí a lọ́ ọ, ọrùn rẹ̀ yóò rọ̀, ewé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Kí ẹ ti dáwọ́ omi dúró ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kíkó. Bí ìdajì wọn bá ti ṣubú, ẹ hú wọn, kí òjò oṣù kẹta tó dé. Ẹ tẹ́ wọn síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, lábẹ́ ibòji, fún ọjọ́ 7 sí 10, títí ọrùn wọn yóò fi gbẹ pátápátá. Àlùbọ́sà tí ọrùn rẹ̀ kò gbẹ kò ní pẹ́ rà nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ má dì wọ́n sínú ọ̀rá.

7. AÁYÙ, ÒTÍTỌ́ Ọ̀RỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín kí ẹ má baà ṣe àṣìṣe tèmi. Kí aáyù tó lè ta, kí ó sì pín sí ẹyọ ẹyọ, ó ní láti rí òtútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọ̀yẹ́ Àríwá ń fún un ní òtútù yẹn lóru, ìdí sì nìyí tí Sókótó, Kánò àti Kàdúná fi ń gbìn ín. Ọ̀yẹ́ tiwa ní ẹnubodè yìí kì í mú tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn máa ń kó ẹyọ aáyù sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó gbìn ín, ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ti rí.

Nítorí náà, ẹ gbin aáyù fún ewé rẹ̀. Ẹ ya á sí ẹyọ, ẹ má bó o. Ẹ gbìn ín ní oṣù kọkànlá, ṣóńṣó sókè, kí ó wọlẹ̀ tó ìka méjì, kí àyè ìka mẹ́fà wà láàárín wọn. Ẹ yan aáyù kéékèèké tí ó ti Àríwá wá, nítorí èyí tí a kó ti òkè òkun dé, wọ́n lè ti fi oògùn sí i kí ó má baà hù. Ewé aáyù nínú ọbẹ̀ ẹja ní òórùn dídùn, ó sì ṣe é gé léraléra. Bí a bá rí ọ̀kan tí ìdí rẹ̀ ta róbótó láìpín, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́, kí a gé e sínú ọbẹ̀. A kò ní tìtorí rẹ̀ dá owó.

8. Ọ̀TÁ Ọ̀GBÌN WA

Ewúrẹ́ àti adìyẹ ni olórí wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ fi igi tàbí àwọ̀n yí i ká kí ẹ tó gbìn, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́. Bí ewé bá ní ìlà funfun bíi fàdákà, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ń bẹ ní kọ̀rọ̀ ewé. Ẹ fi omi ọṣẹ tó ṣàn wọ́n wọn, tàbí omi ewé dóńgóyárò tí a gún tí a sì sẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oòrùn ti ràn dáadáa. Ẹ fọ ewé náà kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí àrùn bá mú ọ̀kan, ẹ hú u sọ nù jìnnà, kí ẹ má sì gbin àlùbọ́sà tàbí aáyù sí ojú kan náà ní ọdún kejì. Ẹ gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ilá síbẹ̀.

9. OÚNJẸ NI, KÌ Í ṢE ILÉ ÌWÒSÀN

John Wesley, bàbá ìjọ wa, tẹ ìwé ìtọ́jú ara kan tí ó pè ní Primitive Physick jáde ní ọdún 1747, nítorí àwọn aláìní tí kò lówó dókítà. Àlùbọ́sà àti aáyù wà nínú àwọn ohun tí ó dárúkọ níbẹ̀. Àwọn ìyá wa náà mọ ìlò wọn fún ikọ́ àti òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe jù ú sílẹ̀ nítorí pé ó ń jẹ aáyù. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó sọ fún dókítà bí ó bá ń jẹ aáyù púpọ̀, nítorí aáyù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti dá.

10. KÍ NI KÍ Ẹ̀GBẸ́ WA ṢE?

Thomas Birch Freeman, ẹni tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 tí ó sì mú iṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì wọ ilẹ̀ wa, olùtọ́jú ọgbà ni kí ó tó di míṣọ́nnárì. Ó ti jẹ́ olórí olùtọ́jú ọgbà ní Orwell Park, ní Suffolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ajílẹ̀ kò yẹ ní ìpàdé ìjọ. Nígbà tí Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n gbin ọgbà níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀. Obìnrin inú Òwe 31 pẹ̀lú kọ́kọ́ ro ti oko náà dáadáa kí ó tó rà á. Èmi kò rò ó ní ọdún 2020.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ti parí. Láti ara báàfù mẹ́rin ni a ti tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ewé pọ̀, a ń dì í ní ìdì kéékèèké fún àwọn tí ń ta ìrẹsì àti àwọn tí ń din ẹyin lẹ́bàá ọ̀nà. Owó àwọn opó mẹ́ta náà ni a kọ́kọ́ san. Ó gbà wá ní ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n a san án pé. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ń kọ́ àwọn ìyàwó kéékèèké ní kíláàsì wa bí a ti ń gbìn ín báyìí.

Àbá mi nìyí: kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báàfù kan. Kí ẹni tí tirẹ̀ bá yè fún ẹlòmíràn ní ọmọ àlùbọ́sà gbìn láìgba owó. Kí a mú ìdì ewé àkọ́kọ́ wá sí ọjọ́ Ìkórè. Kí ẹgbẹ́ kankan má sì ṣe fi owó àjọ dá ohun tí ẹnì kan nínú wọn kò tíì fi báàfù kan dán wò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbàgbé nígbà tí wọ́n ń pe oúnjẹ Íjíbítì ní ọ̀fẹ́? Kí ni àwa náà ń pè ní ọ̀fẹ́ tàbí ọ̀pọ̀ láìronú sí iye rẹ̀?
2. Kí ni mánà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa tí a kì í kà sí?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbàgbọ́ àti ìwàǹwára nínú òwò tí ẹgbẹ́ bá dáwọ́ lé?
4. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe sí arábìnrin tí àbá rẹ̀ mú owó wọn ṣòfò?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí a gbin báàfù kan papọ̀ ní ìpàdé yìí, kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọ níbi tí oòrùn ti ń ràn. Kí a yan ẹni tí yóò máa bomi rin ín.

ÀDÚRÀ: Olúwa Ọlọ́run wa, ìwọ tí o gbin ọgbà Édẹ́nì, a dúpẹ́ fún ilẹ̀ tí o fi wá sí. Dárí ẹkún tí a sun lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa jì wá. La ojú wa sí ohun tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Fún wa ní ọgbọ́n kí a tó ná owó, sùúrù lẹ́yìn tí a bá gbìn, àti ọwọ́ líla nígbà tí a bá kórè. Má ṣe jẹ́ kí ìkòkò opó gbẹ láàárín wa. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.